Verlyn Skaar, Ẹni Tó Ń Dúró De Ìkùukùu

Ọjọ́ tí wọ́n pe ọlọ́pàá fún Verlyn Skaar, kò ṣe nǹkan kan ju pé ó ń dúró de ìkùukùu lọ. Àárọ̀ Sátidé ni, nínú oṣù kẹsàn-án, oòrùn sì mú ganrínganrín. Bàbá náà gbé pikọ́ọ̀pù rẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì Luther tó wà nílùú Kesler ní Wisconsin, ó tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan lé e, ó wá jókòó tì í, ó ń wo ojú ọ̀run. Wákàtí méjì gbáko. Obìnrin kan tó ń kọjá lọ rí àgbàlagbà tó jókòó ti ìbọn níwájú ilé Ọlọ́run, tó ń wòkè, tó sì ń kùn sínú. Kò dúró bi í léèrè. Ó tẹ ọlọ́pàá láago.

Lonnie ni ọlọ́pàá tó wá. Verlyn mọ̀ ọ́n láti kékeré, nítorí náà kò tilẹ̀ dìde.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Verlyn. Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Mò ń dúró de ìkùukùu."

"Ẹ ní kí lẹ̀ ń dúró dè?"

"Ìkùukùu! Àbí etí ẹ ti di ni? Bí oòrùn bá tàn sára irin, á kàn máa dán ni, ẹni tó fẹ́ rà á ò ní rí gbogbo ibi tó ti họ nínú fọ́tò. Irọ́ ni oòrùn ń pa. Ìkùukùu ni kì í parọ́. Ó dáa bó o ṣe wá yìí. Bá mi di aṣọ funfun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn mú lápá ọ̀hún."

Lonnie di aṣọ mú. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ pè é lórí ẹ̀rọ pé ṣé ọ̀rọ̀ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ti yanjú, ó ní: "Rárá, sà. Ìkùukùu ò tíì dé."

Bí Verlyn ṣe rí nìyẹn, Ọlọ́run kó tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń bá àwọn èèyàn ta ìbọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nínú ṣọ́ọ̀bù ìbọn Darla Petsch. Opó á kó ìbọn ọkọ rẹ̀ wá, ọmọ á kó ti bàbá rẹ̀ wá, Verlyn á ya fọ́tò wọn, á kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ẹ̀, á wá lù ú ní gbàǹjo lórí ìkànnì fún ọjọ́ méje. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ga jù ló ni ín. Wọn ò ní fi ránṣẹ́ sílé ẹni náà o. Ọ̀dọ̀ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ nítòsí ẹ̀ ló ń lọ, kí wọ́n lè kọ́kọ́ yẹ orúkọ rẹ̀ wò. Kí Verlyn tó dé, Darla fúnra ẹ̀ ló ń kọ ọ́. Ohun tó máa ń kọ ò ju báyìí lọ: "Ìbọn tó dáa. Ó ń yìn." Ó sì máa ń ṣe é ní kàyéfì pé àwọn èèyàn ò rà á.

Ọgbọ́n ti Verlyn ò lọ́jú pọ̀ rárá, òun náà ló sì ń ya gbogbo èèyàn lẹ́nu. Àléébù ìbọn ló máa ń kọ́kọ́ kọ. Fọ́tò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ń yà fún ìbọn kan, mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú ẹ̀, ibi tó bàjẹ́ ni. Ọkùnrin kan láti ìlú kejì bẹ̀ ẹ́ títí nígbà kan.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ má ya ibi tó dógùn-ún yẹn."

"Kí ló dé?"

"Wọn ò ní fẹ́ rà á."

"Ṣé tó bá délé wọn, ojú wọn máa fọ́ ni?"

Verlyn ya ibi tó dógùn-ún lẹ́ẹ̀mẹrin, ó gbé owó ẹyọ kan tì í kí wọ́n lè rí bó ṣe fẹ̀ tó. Owó tí ọkùnrin náà rò pé òun máa rí, ìlọ́po méjì ẹ̀ ló gbà relé. Kò dúpẹ́, nítorí ojú ń tì í.

Èyí tí àwa ní Kesler kò lè gbàgbé ni ti ìbọn kan tí ajá ti gé ìdí rẹ̀ jẹ. Verlyn kọ ọ́ báyìí: "Eyín ajá wà nídìí ìbọn yìí. Orúkọ ajá náà ni Pickles. Ó ti kú. Ẹni tó ni ajá náà ti kú. Ìbọn nìkan ló kù, kò sì sóhun tó ṣe é." Àwọn èèyàn já a gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ẹni tó rà á tún kọ̀wé pé ṣé òun lè rí fọ́tò ajá náà. Verlyn fi ọjọ́ mẹ́ta wá a káàkiri, ó rí ọ̀kan lọ́dọ̀ opó ọkùnrin náà, ó sì fi sínú páálí pẹ̀lú ìbọn.

Lórí ìkànnì yẹn, bí èèyàn bá ra nǹkan lọ́wọ́ ẹ tán, ó máa kọ ẹ̀rí sílẹ̀ nípa ẹ, kí ará yòókù lè mọ irú èèyàn tó o jẹ́. Ibẹ̀ ni ìgbéraga Verlyn wà. Kò láya mọ́, kò bímọ, ilé tó ń gbé ń jò. Ẹ̀rí rẹ̀ ló ní láyé. Láràárọ̀ ló máa ń kà á sí Darla létí.

"Ẹgbẹ̀rún kan ó lé mọ́kànlá, kò sí ẹyọ kan tó burú nínú ẹ̀."

"Bàbá, mo ti gbọ́ lánàá."

"Irọ́ ni. Lánàá, ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́wàá ni."

Àmọ́ o, kó tó fọwọ́ kan ìbọn ẹnikẹ́ni, ó ní ìbéèrè kan tí kì í fò: "Kí ló dé tó o fi ń tà á?" Tó bá bi ẹ́ tán, á dákẹ́, á máa wò ẹ́ lójú. Àwọn kan máa ń bínú pé kí ló kàn án. Wọn ò mọ̀ pé nítorí Arden ni. Arden ni àbúrò Verlyn, ọmọ ìyá kan náà. Ó kó gbogbo nǹkan ọdẹ rẹ̀ wá lọ́dún kan, Verlyn sì bá a tà á dáadáa, kò bi í ní nǹkan kan. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn sí owó tí wọ́n rí. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn náà, Arden fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Gbogbo ìlú ní àwọn ò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Verlyn ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ létí sàréè ni pé àbúrò òun wá dágbére fún òun, òun wá ń bá a ya fọ́tò ẹ̀.

Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ yìí, owó wàrà ti já wálẹ̀ débi pé owó tí àgbẹ̀ fi ń bọ́ màlúù ju èyí tó ń rí lórí wàrà lọ. Láàárín oṣù mẹ́rin, ọkùnrin méjì la sin ní àgbègbè wa tí ikú wọn jọ ti Arden, oní-wàrà ni àwọn méjèèjì. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì se oúnjẹ títí ó fi sú wọn, pásítọ̀ ò sì mọ ohun tó tún máa wí.

Oṣù kejì ni Duane Oelke ta màlúù rẹ̀ tán. Ọgọ́fà ọdún ni ìdílé rẹ̀ ti ń fún wàrà lórí ilẹ̀ yẹn. Nígbà tó di oṣù kẹta, òun àti ìyàwó rẹ̀, LaVonne, wọ ṣọ́ọ̀bù Darla. Wọ́n fi aṣọ orí tábìlì ìdáná wé ìbọn kan. Ní Kesler, bí ilé ọkùnrin bá ń jó, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ló máa kọ́kọ́ bá ẹ sọ.

"Ọ̀nà ń yọ̀ lónìí," ni Duane wí.

"Ó ń yọ̀ lóòótọ́," ni Verlyn dáhùn.

"Ẹ bá mi ta nǹkan yìí."

Verlyn tú aṣọ. Ìbọn ọdẹ tí wọ́n fi ń pa àgbọ̀nrín ni, ti àtijọ́. Wọ́n fi ọ̀bẹ fín orúkọ mẹ́ta sí ìdí rẹ̀ ní kúkúrú: ti bàbá bàbá Duane, ti bàbá rẹ̀, àti ti Duane fúnra ẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi ń tà á?"

"Mi ò nílò ẹ̀ mọ́."

Verlyn dákẹ́. Ó mọ̀ ọ́n dákẹ́ púpọ̀. Duane wo ilẹ̀, ó wo fèrèsé, ó tún wo ilẹ̀.

"Ọgọ́rùn-ún dọ́là ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Tí mi ò bá rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó di Jímọ̀, màá wá gbé e, màá tà á fúnra mi." Ó bá jáde.

Wọ́n ti dé ìdí ọkọ̀ kí LaVonne tó sáré padà wọlé, ó ní òun gbàgbé ìbọ̀wọ́ òun. Ìbọ̀wọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Verlyn, ẹ̀rù ń bà mí. Inú ilé màlúù tó ti ṣófo ló ń jókòó sí láràárọ̀, á gbé ìbọn yìí lé ẹsẹ̀. Ẹ̀rù ń ba òun náà. Òun ló ní ká gbé e kúrò nílé. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ ò gbà á láti sọ pé kẹ́ ẹ bá òun tọ́jú ẹ̀. 'Ẹ tà á' nìkan ló lè sọ."

"Ṣé ìbọn míì wà nílé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ti kó wọn lọ."

"Dókítà ńkọ́?"

"Lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

"Má jẹ́ kó yẹ̀ o. Ìwọ fúnra ẹ ni kó o fi mọ́tò gbé e lọ."

Nígbà tí LaVonne lọ tán, Verlyn ti ìbọn náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin, ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò ṣòkòtò.

"Tó bá gbé e sílé, ó lè pa á," ló sọ fún Darla. "Tí mo bá tà á, kò ní sí nǹkan tó máa padà wá bèèrè nígbà tára ẹ̀ bá yá. Ibi tó wà yìí gan-an ni kó wà."

"Ó ní òun fẹ́ rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó di Jímọ̀."

"Á rí i. Màá gbé e síbẹ̀ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni ò fi ní rà á."

Ẹ gbọ́ ná. Ọkùnrin yìí ló mọ bí wọ́n ṣe ń polówó ìbọn jù ní gbogbo Wisconsin, ó sì fi gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ṣe èyí tó burú jù láyé. Ó tan gílóòbù pupa kan tó máa ń sọ gbogbo nǹkan dà bí ọbẹ̀ tó jóná. Ó gbé ìbọn sórí kápẹ́ẹ̀tì olódòdó. Ó fi àtàńpàkò bo ìdajì ojú kámẹ́rà. Ológbò Darla wá jókòó lé ibi tí wọ́n fín orúkọ sí, kò lé e. Fọ́tò ẹyọ kan péré ló yà. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: "Ìbọn àtijọ́. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀." Kò parọ́ sórí ìkànnì yẹn rí, ó sì dà bíi pé wọ́n ń fa eyín ẹ̀ yọ.

"Ta ló máa ra èyí?" ló bi Darla.

"Èmi ò ní gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá," ni Darla dáhùn, inú Verlyn sì dùn gan-an.

Háà! Ọgbọ́n àgbà náà a máa tàsé. Ohun tí Verlyn gbàgbé ni pé àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ, irú fọ́tò burúkú bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wá kiri lójoojúmọ́. Tí wọ́n bá rí ẹni tó kọ ọ́ pé òun ò mọ nǹkan kan nípa ohun tí òun ń tà, itọ́ á máa dà lẹ́nu wọn. Wọ́n á ní òpè rèé, ó gbé góòlù lọ́wọ́, ó pè é ní bàbà. Verlyn fúnra ẹ̀ máa ń wá irú wọn ní gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè! Kó tó di Sátidé, ọgọ́rùn-ún dọ́là ti di ẹgbẹ̀rún kan. Lẹ́tà ń ya wọlé. Ẹnì kan ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má fọ̀ ọ́. Ẹnì kan bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé ológbò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Ẹnì kẹta bèèrè pé èló ni ológbò.

Darla rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Verlyn ò rẹ́rìn-ín. Duane pè é láago ní ọjọ́ Mọ́ńdè, lẹ́yìn tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà.

"Bàbá, mo rí i pé wọ́n ń jà lé e lórí."

"Wọ́n ń jà lé e."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Owó yẹn á ran LaVonne lọ́wọ́."

Ohùn rẹ̀ tútù, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Kì í ṣe pé ó ní owó náà á ran *wa* lọ́wọ́. Verlyn gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó, kò sì lè mu kọfí rẹ̀. Ohùn tí Arden fi bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Dókítà eyín kan ní Ohio ló borí, pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún méjì ó lé àádọ́ta dọ́là. Òfin ìkànnì náà sì le: ohun tó o bá ti lù ní gbàǹjo, o ti tà á nìyẹn. Ẹni tó bá kọ̀ láti gbé ọjà sílẹ̀, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

"Ẹ sọ òtítọ́ fún un," ni Darla wí. "Ẹ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Èèyàn lòun náà."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi," ni Verlyn dáhùn. "Ọ̀rọ̀ Duane ni."

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Ọkùnrin tó jẹ́ pé tí ìbọn bá họ bí ẹ̀yìn èékánná, gbogbo ayé ló máa sọ fún, kò sọ ibi tó ti bó lára èèyàn fún ẹnì kan. Ó tẹ oníṣègùn eyín náà láago, ó ní òun ò tà mọ́. Ọkùnrin náà ní kí ló dé. Verlyn ní kò sí. Ọkùnrin náà bú u, ó pè é ní olè, ó pè é ní àgbàlagbà tí kò nítìjú, Verlyn ń sọ pé, "Ẹ tọ̀nà, sà. Ẹ tọ̀nà." Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rí tó sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún kan ó lé méjìlá dé: "Òpùrọ́ ni bàbá yìí. Ẹ má ṣe bá a ṣòwò láéláé." Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pa orúkọ Verlyn Skaar rẹ́ lórí ìkànnì, gbogbo ẹ̀rí ọdún mọ́kàndínlógún sì bá a lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó dé síbi iṣẹ́, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kò sóhun tó máa kà sí Darla létí. Darla ní òun ò mọ̀ pé ìwé kíkà àràárọ̀ yẹn ń mú inú òun dùn, àfìgbà tó dákẹ́.

Nígbà tí Duane dé láti wá gba owó, Verlyn ti múra sílẹ̀.

"Onítọ̀hún ò sanwó. Dókítà eyín ni. Ìwọ náà mọ irú wọn."

"Ẹ tún gbé e síbẹ̀ nígbà náà."

"Màá gbé e síbẹ̀. Fọ́tò yẹn ló burú. Màá yà á dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Mò ń dúró de ìkùukùu ni."

Duane wo ìta. Ìkùukùu wà níta, ó ṣú bolẹ̀.

"Èyí ńkọ́?"

"Èyí ti dúdú jù. Padà wá lọ́la."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Duane á dé láàárọ̀, á bèèrè ìkùukùu, Verlyn á wo ojú ọ̀run, á rí àléébù. Eléyìí ti fọ́n ká jù. Eléyìí ń sáré jù. Eléyìí òjò ló gbé sínú. Wọ́n á wá jókòó, wọ́n á mu kọfí, wọ́n á jẹ wàràkàṣì. Oṣù kẹrin kọjá, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, kò sí ìkùukùu tó dáa. Lọ́jọ́ tí Duane ò bá wá, Verlyn á wa pikọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ bá a lóko, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní òun wá wo ìkùukùu apá ibẹ̀. Àwọn tó ń rí i lọ́nà rò pé orí àgbà náà ti dà rú. Duane náà ò jẹ́ ọmọdé, ó mọ̀. Kò sọ pé òun mọ̀. Ó ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó ń lo oògùn, ó rí iṣẹ́ awakọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ màlúù, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ, ó rẹ́rìn-ín sí ológbò Darla. Verlyn rí i. Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó pẹ́ níbẹ̀.

Àsìkò ọdẹ àgbọ̀nrín kọjá lọ́dún yẹn, Duane ò bèèrè ìbọn, Verlyn ò sì fún un. Ọdún kejì, nínú oṣù kọkànlá, Duane wọlé, ó bọ́ fìlà.

"Òtútù mú," ló wí.

"Ó mú."

"Bàbá, ẹ dákun, ṣé mo lè yá ìbọn mi?"

Verlyn tẹ LaVonne láago níṣojú rẹ̀, ó bi í bóyá dókítà mọ̀ sí i. LaVonne ní dókítà mọ̀ sí i. Ó wá fi kọ́kọ́rọ́ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Kò sí ìkùukùu kankan tó dáa," ló wí. "Ọjà tí ò ní fọ́tò, mi ò lè tà á. Máa gbé ẹrù ẹ lọ, ó ti gba àyè mi jù."

Nínú oṣù kẹfà tó kọjá yìí ni Verlyn kú, lórí àga rẹ̀, pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́. Nígbà tí Darla ń kó ẹrù rẹ̀, ó rí bébà kan nínú dúrọ́ọ̀, tí Verlyn tẹ̀ jáde láti orí ìkànnì, tó sì fi gíláàsì bò bí ìwé ẹ̀rí ilé ìwé. Ó gbé e lọ fún Duane, ó sì sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Duane dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Òun tí kì í sọ ju ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lọ. Ó gbé gíláàsì náà sókè, ó kà á: "Òpùrọ́ ni bàbá yìí. Ẹ má ṣe bá a ṣòwò láéláé." Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín gèè, nítorí ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí? Duane dúró kí ẹ̀rín náà lọ sílẹ̀.

"Òótọ́ ni," ló wí. "Ó parọ́. Èmi ló parọ́ fún. Òun ni mo ṣe wà níbí." Ó bá jókòó, LaVonne sì di apá rẹ̀ mú.

Nígbà tá a gbé pósí jáde, oòrùn mú ganrínganrín, gẹ́gẹ́ bíi ti ọjọ́ tí wọ́n pe ọlọ́pàá. Duane wà lára àwọn mẹ́fà tó gbé e. Wọ́n rìn débi tí pikọ́ọ̀pù yẹn máa ń dúró sí, Duane sì dúró, àwọn márùn-ún yòókù náà dúró.

"Kí là ń dúró dè?" ni pásítọ̀ bèèrè.

Lonnie ọlọ́pàá, tó ń darí ọkọ̀ lójú títì, bọ́ fìlà rẹ̀.

"Ìkùukùu ni, Pásítọ̀."

Darla ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, kò mọ èyí tó máa fi sílẹ̀ nínú méjèèjì. Apá ń ro àwọn tó gbé pósí, wọn ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ìkùukùu kékeré kan tó yọ láti apá oko Duane, funfun, tí ò sáré, tí ò gbé òjò sínú. Ó wá bo oòrùn. Duane gbójú sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bí àgbà náà ṣe kọ́ ọ.

"Èyí dáa," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká máa gbé e lọ."